Gbogbo Íńṣì Mẹ́rin Di Márùn-ún

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù òkè òkun, ẹ kú àárò ilé. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le. Àwa náà wà níbí, a ò ṣàìsàn. Ìyá Àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni, mo rí bí wọ́n ṣe ń di ògiri mú tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ìròyìn ńlá wà. Mo ti wọn òpó iná tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa láì gun ún! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tíṣà ìṣirò kó gbogbo kíláàsì wa síta, ó fún mi ní igi tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ní kí n nà á ró nínú oòrùn. Òjìji igi náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. A wọn òjìji òpó iná, ó jẹ́ méjìdínlógún. Tíṣà ní igi náà, òjìji rẹ̀ àti ìtànṣán oòrùn tó so orí wọn pọ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta kékeré. Òpó àti òjìji tirẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta ńlá. Igun àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra, nítorí náà wọ́n jọra. Bí òjìji ńlá bá wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án òjìji kékeré, òpó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án igi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún iná ṣe ń kọjá lọ, Tíṣà bi í, ó ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà ni. Mo fò sókè, bàtà mi bọ́.

Nítorí ìyẹn, Tíṣà ní èmi ni màá ṣàlàyé ìjọra fún àwọn òbí ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ìyẹn ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún. Èmi nìkan nínú gbogbo kíláàsì. Ìyá àwọn ẹgbẹ́ mi máa wá. Mi ò ní kí ẹ wá, mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Aṣọ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín rán. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, aṣọ rírà ni gbogbo èyí tí mo ń wọ̀.

Èmi ni,
Aláròyé yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Aláròyé,

Mo kí ọ, mo kí ìyá ọkọ mi, mo kí òpó iná yín pẹ̀lú. Yàrá ìjẹun ilé iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á sókè fún obìnrin tó jókòó tì mí. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi tán. O ní igi àti òpó iná jọra. Báwo? Èmi rò pé nǹkan méjì tó bá jọra, ẹni tó rí ọ̀kan lè ṣì í mú fún èkejì, bí àwọn ìbejì tó máa ń wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, tí mo máa ń gba owó lọ́wọ́ Táíwò fún aṣọ Kẹ́hìndé. Kò sí ẹni tó máa ṣi igi mú fún òpó iná. Tún un ṣàlàyé fún mi, má sì bínú bí orí mi bá le.

Ní ti aṣọ, ó ti di ṣíṣe. O mọ̀ pé àpò ọwọ́ òsì nìkan ni mo ń rán níbí. Ẹlòmíràn ló ń rán àpò ọwọ́ ọ̀tún, ẹlòmíràn ló ń rán kọ́là, ẹlòmíràn ló ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà rèé, àpò òsì. Mi ò tíì rí odidi aṣọ kan tó parí lọ́wọ́ mi. Nítorí náà mo lè fẹ́ aṣọ yìí jù ọ́ lọ. Ọ̀gá wa obìnrin ti gbà pé kí n máa lo ẹ̀rọ kan tí àwọn tó kù bá lọ jẹun ọ̀sán.

Wá télọ̀ kan kó wọ̀n ọ́ dáadáa: ọrùn, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, gíga. Má wọn ara rẹ, o máa ń fa tépù jù. Pátánì aṣọ tó o wọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, gbogbo bébà tí mo fi gé e ni mo ká sínú àpótí, ṣùgbọ́n ti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan mọ́.

Ṣé o ń jẹun? Fọ́tò tó o yà fún ìwé ìdánwò, ojú àti ọrùn nìkan ló wà níbẹ̀, ọrùn yẹn sì gùn lójú mi. Ṣé oúnjẹ tí Ìyá Àgbà ń fún ọ ń yó ọ? Dá mi lóhùn lórí èyí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àpò òsì. Mo ń jẹun o! Ìyá Àgbà ní kí n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé mò ń jẹun.

Ìyá mi, ẹ ò nílò gbogbo ìwọ̀n yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ti àwọn ìbejì ni pé wọ́n dọ́gba. Ìjọra yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ rántí fọ́tò ìgbéyàwó yín, kékeré inú ìwé fọ́tò àti ńlá ara ògiri. Ẹ̀yin náà ni, Bàbá mi náà ni, fìlà wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú méjèèjì. Ìrísí ò yí padà, títóbi nìkan ló yí padà. Ohun tí à ń pè ní ìjọra nìyẹn. Tíṣà sì ní tí àwòrán méjì bá jọra, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti mọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó kù.

Ẹ wá wò ó. Pátánì mi wà lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo wà nínú aṣọ yẹn nígbà náà, èmi náà ni mo wà níbí. Ta ló tún lè jọ mí tó mi? Nítorí náà gíga mi nìkan lẹ nílò. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ara férémù ilẹ̀kùn, íńṣì méjìléláàádọ́ta ni. Lónìí mo jẹ́ márùndínláàádọ́rin. Ẹ fi mẹ́tàlá pín méjèèjì, ẹ máa rí mẹ́rin àti márùn-ún. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo íńṣì mẹ́rin tó wà lára pátánì yẹn ti di márùn-ún. Ó parí! Kò sí télọ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mí.

Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, ó ní ọpọlọ mi ń gbóná.

Èmi ni,
Aláròyé yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Aláròyé mi,

Aṣọ ti wà lọ́nà. Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo gbé e mọ́ àyà títí tí ẹni tó wà ní ìdí tábìlì ilé ìfìwéránṣẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó béèrè bóyá nǹkan tó lè fọ́ ni.

Mo ṣe é bó o ṣe wí. Mo tẹ́ bébà pátánì sílẹ̀, mo fi tépù wọ̀n ọ́n, mo sọ gbogbo mẹ́rin di márùn-ún, mo gé bébà tuntun. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìwọ lo lọ sílé ẹ̀kọ́. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn pé kì í ṣe télọ̀ mìíràn ló máa fi tépù yí ọ ká.

Ohun kan rú mi lójú. Aṣọ ọjọ́sí gba yáàdì méjì. Bí mẹ́rin bá di márùn-ún, a jẹ́ pé yáàdì méjì máa di méjì àbọ̀. Méjì àbọ̀ náà ni mo rà. Mo tẹ́ ẹ, mo to pátánì lé e lórí, kò dé! Mo yí bébà síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, kò dé. Ó ṣẹ́ kù lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í ṣe díẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Mo wọn aṣọ náà, yáàdì méjì àbọ̀ pé géérégé. Mo wá rán aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé ẹwà ni mo fi ṣe. Bi Tíṣà rẹ fún mi, nítorí mo ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí i, irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Kọ̀wé sí mi ní kété tó o bá wọ̀ ọ́. Sọ fún mi bó ṣe jókòó sí ọ lára, bí àwọn èèyàn ṣe wò ọ́. Má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ dé. Ẹ ṣeun.

Ó dé nígbà tó ku ọ̀la. Mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń yọ́ kúrò ní èjìká mi. Ìbàdí rẹ̀ lè gba èmi àti ẹnì kejì. Bó ṣe wá tóbi tó yẹn, apá rẹ̀ kúrú, ó fi íńṣì méjì kù kó tó dé ọrùn ọwọ́ mi. Mi ò rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, tó tóbi jù tó tún kéré jù. Ìyá Àgbà fi pínnì há a níbi mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí n má mí sókè.

Mo lọ. Mo dúró níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi ọwọ́ òsì di ọrùn aṣọ mú. Mo fa onígun mẹ́ta kékeré, mo fa ńlá, mo ní, "Ẹ̀yin òbí wa, tí a bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ kan, a ti mọ gbogbo rẹ̀." Ibẹ̀ ni pínnì kan já. Bàbá kan tó jókòó níwájú ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ẹni tó rán aṣọ rẹ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ló mọ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó kàn yí ojú sí ògiri ni.

Mi ò tíì bọ́ nínú ìtìjú náà. Mo sì ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Ọmọ wo lẹ fi wọn aṣọ yìí? Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wà lókè òkun, ó ti bí ọmọ mìíràn sọ́hùn-ún, ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó sọ fún un. Bí ọmọ kan bá wà níbẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ tóbi tí apá rẹ̀ kúrú, ẹ sọ fún mi. Ó sàn kí n mọ̀.

Aláròyé.

Mo gbàgbé. Ní ti aṣọ tí kò tó yín, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ. Ẹ fa àpótí kan sórí bébà, íńṣì mẹ́rin ní òró, mẹ́rin ní ìbú, ẹ pín in sí íńṣì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún lẹ máa kà. Ẹ wá sọ ọ́ di márùn-ún ní òró, márùn-ún ní ìbú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Aṣọ ń gùn, ó tún ń fẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pọ̀ sí i. Yáàdì mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló yẹ kí ẹ rà. Mo ṣì ń bínú o, mo kàn ní kí n dáhùn ni.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ọmọ wo? Ọmọ wo ni mo ní yàtọ̀ sí ìwọ? Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ká lẹ́tà náà, mo tún ṣí i bóyá ó ti yí padà. Yàrá kan ni mò ń gbé pẹ̀lú obìnrin méjì, ibùsùn mi ò gba ìrọ̀rí kejì. Tí mo bá bí ọmọ níbí, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni màá tẹ́ ẹ sí. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo tún ìṣirò náà ṣe. Ọ̀gá wa bá mi ṣe é, ó fi ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọrùn méjìlá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbàdí mẹ́rìnlélógún di ọgbọ̀n. Apá mẹ́rìndínlógún di ogún. Kò sí àṣìṣe níbì kankan. Ìwọ lo ní ẹ̀gbẹ́ kan ti tó, Tíṣà rẹ ló kọ́ ọ. Bí ìṣirò bá wá tọ́ tí aṣọ ń ṣí lọ́rùn, tó ń já lulẹ̀ ní ìbàdí, kí ló kù? Ara rẹ ló ti dín. Ebi ń pa ọmọ mi! Mo ti ń fura láti ìgbà tí mo ti rí ọrùn inú fọ́tò yẹn. Apá tó kúrú nìkan ni mi ò lóye, mi ò mọ ebi tó ń mú apá gùn, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí apá kí n má gba ohun tí mo rí gbọ́.

Mi ò bá ìyá ọkọ mi jà. Bóyá ọjọ́ ogbó ni, bóyá wọ́n ń gbàgbé àkókò oúnjẹ. Bóyá ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ ń gba ibòmíràn lọ. Mi ò mọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi atẹ̀wé pé kó wá mú ọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí. Ìyàwó rẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Máa palẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí Bàbá Atẹ̀wé pé kí wọ́n má wá. Oṣù kẹwàá ni ìdánwò àṣekágbá. Orúkọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ibòmíràn tí mo ti lè ṣe é lọ́dún yìí. Bí mo bá kúrò, ọdún kan ti lọ nìyẹn.

Mo tọrọ àforíjì nítorí ohun tí mo sọ nípa ọmọ mìíràn. Ìbínú ni.

Ìyá Àgbà ní kí n ka lẹ́tà yín sókè. Mo kà á. Ẹnu mi ti sọ ọ́ jáde kí n tó rí ibi tó dé. Nígbà tí a fẹ́ jẹun, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n yí ìdajì rẹ̀ sínú tèmi. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí ọkàn ìyá mi balẹ̀. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ebi ò pa mí, Ìyá mi. Mo fi ẹ̀mí mi búra. Nígbà náà kí ló ṣe aṣọ yẹn?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò dúró kí ẹ dá mi lóhùn, nítorí lẹ́tà Bàbá Atẹ̀wé ti dé. Wọ́n ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ làwọn máa dé, kí n ti di ẹrù mi.

Mo kó aṣọ náà lọ bá Tíṣà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ti tó." Ó ní, "Mo sọ pé tí wọ́n bá jọra. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ jọra?" Mo ní, "Èmi àti ta?" Ó ní, "Ìwọ àti ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn." Mo ní èmi kan náà ni. Ó ní kí n lọ wọn àwọn méjèèjì wá.

Mo wá ìwé ìwọ̀n yín jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ìwé tí ẹ máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ti èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Ìyá Àgbà sì fi tépù yín wọ̀n mí, wọn ò jẹ́ kí n fà á. Gíga, méjìléláàádọ́ta di márùndínláàádọ́rin. Ìyẹn ni mẹ́rin di márùn-ún. Ọrùn, méjìlá di mẹ́tàlá péré. Ìbàdí, mẹ́rìnlélógún di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn náà jẹ́ méjìlá di mẹ́tàlá. Méjì bára mu, mo tún fẹ́ máa yọ̀. Ṣùgbọ́n apá, mẹ́rìndínlógún di méjìlélógún, ìyẹn mẹ́jọ di mọ́kànlá. Kò bá ìkankan mu! Gbogbo rẹ̀ kò lọ pa pọ̀. Apá sáré, ọrùn àti ìbàdí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Nítorí náà èmi àti ọmọ yẹn ò jọra, Ìyá mi. Ti igi àti òpó iná, oòrùn kan náà ló tàn sí wọn ní igun kan náà, ìdí tí wọ́n fi jọra nìyẹn. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó jọ ìyẹn wà lára mi, mo kàn fò ó. Ẹ̀yin ò ṣe àṣìṣe, Ìyá Àgbà ò ṣe àṣìṣe, èmi ni. Ebi kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Atẹ̀wé mọ̀.

Ó ṣì ń rú mi lójú. Mo rò pé mo ṣì jẹ́ ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀, pé mo kàn tóbi sí i ni. Mo jókòó síwájú ìwé náà, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan kú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kú.

Ohun kan tó kù. Ìyá Àgbà ti ra òwú, wọ́n fẹ́ hun súẹ́tà fún yín nítorí òtútù. Wọ́n ní lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ sọ, ìyàwó ọmọ àwọn ṣì lẹ jẹ́. Ìwọ̀n yín wà nínú ìwé náà, ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́: àyà ogójì, ìbàdí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìdí mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n ní kí a lò ó. Mo ní rárá o, mi ò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ṣì rí?

Èmi ni,
ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Tú ẹrù rẹ. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé gan-an ni mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó jókòó sílé rẹ̀. Ìwé yẹn á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí èyí tó kàn ọ́. Ibi tó o wà ni wàá ti ṣe ìdánwò rẹ.

Èyí tí mò ń kọ ló pẹ́. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ tí mo ń fà á ya.

Má sọ pé ìwọ nìkan lo ṣe àṣìṣe. Ogún ọdún ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ aṣọ ọmọdé ká fi ṣe ti ọmọge. Mo mọ̀ pé ọmọdé ò ní ìbàdí, pé apá máa ń gùn ju bí ọrùn ṣe ń fẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń na tépù sí wọn lórí irú ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé sísọ́ọ̀sì gé e. Nígbà tó o kọ̀wé pé gíga nìkan ti tó, pé ìwọ náà ni, ara mi fúyẹ́. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọdún mẹ́fà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo kàn máa dé, màá wo òkè díẹ̀ sí i kí n tó rí ojú rẹ. Mo dẹ́bi fún ebi nítorí mi ò fẹ́ gbà pé ọmọge kan wà nílé wa tí mi ò mọ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ikọ́ kan mú mi. Mo lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Orí ibùsùn níbẹ̀ ni mo ti kọ lẹ́tà sí ọ pé iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ní ó ti lọ, ikọ́ náà ò sì padà wá, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í wù mí. Tí mo bá dá wà, mo máa ń gbàgbé ẹ̀. Má rò pé aṣọ rẹ ló fà á, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́ nípa aṣọ. Nígbà tí mò ń bi ọ́ bóyá o ń jẹun, ara mi ni mò ń bi, mi ò sì ní ẹni tó máa dáhùn.

Lánàá mo ní kí obìnrin tó ń jókòó tì mí fi tépù wọ̀n mí. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé tépù ló ká. Fa ìlà sórí èyí tó wà nínú ìwé, kí o kọ eléyìí sábẹ́ rẹ̀. Àyà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìdí, mẹ́rìndínlógójì. Ìbàdí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bíi tìrẹ gan-an.

Tó o bá kọ ọ́ tán, kà á sókè fún ìyá ọkọ mi, kí wọ́n mọ ẹni tí kò jẹun nínú wa. Sọ pé mo kúnlẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ wọn tán.

Ìyá rẹ.